Láti Inú Ìkòkò Àgbo Dé Ilé Iṣẹ́ Oògùn

Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà: kò sí èyí tí ó ṣàjèjì sí wa nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òótọ́ ni pé ọjà òkèèrè ni kànáfùrù, ṣùgbọ́n ọjà wo ni a kì í ti í rí i rà? Láti inú nǹkan mẹ́rin yìí ni a ti ṣe oògùn Niprisan, tí ó wà fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde.

Àlùfáà P. O. Ogunyale, ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ń fi àgbo náà tọ́jú ènìyàn, ni ó fi ìmọ̀ rẹ̀ han ilé ìwádìí oògùn ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja. Kí ni ó wá kù fún àwọn onímọ̀ láti ṣe? Iṣẹ́ ńlá ni ó kù. Agbára ewé tí a já lójò lè yàtọ̀ sí ti èyí tí a já lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ̀kúnwọ́ ẹnìkan kì í sì í ṣe ẹ̀kúnwọ́ ẹnìkejì. Oníṣègùn lè fojú díwọ̀n, nítorí pé aláìsàn jókòó níwájú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń wọn nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a ń fa oje wọn, tí a ń gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, tí a sì ń rọ ọ́ sínú kápúsù, kí ti òní lè bá ti àná dọ́gba.

Wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn 82. Wọ́n ń fún wọn ní Niprisan fún ìgbà kan, wọ́n sì ń fún wọn ní èyí tí kò ní oògùn nínú fún ìgbà mìíràn, láìjẹ́ kí aláìsàn tàbí dókítà mọ èyí tí ó jẹ́. Àbọ̀ ìwádìí náà, tí a tẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé ìrora líle tí ó máa ń dá wọn dùbúlẹ̀ dín kù. Kò wo àrùn náà sàn pátápátá o, àrùn àbínibí ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tìtorí ohun tí a kọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí gún wọn pọ̀ fún ọmọ nílé. Dókítà ni kí ó gbé ọmọ lọ bá.

Ọ̀ràn owó ni ó ba nǹkan jẹ́. Xechem, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ni a fún ní ẹ̀tọ́ láti máa ṣe é, ó sì gbé e jáde ní Nàìjíríà ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní Sheda, lẹ́bàá Abuja, ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n òkè òkun ni owó àti àṣẹ rẹ̀ wà. Gbèsè wọ Xechem lọ́rùn. Ní 2008 ó kéde ní ilé ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ pé òun kò lè san án, iṣẹ́ sì dúró ní Sheda. Iyèré wà lọ́jà, ọkà bàbà sì wà lóko, ṣùgbọ́n aláìsàn dé ilé ìtajà oògùn, kò bá Nicosan mọ́.