Ẹ Jẹ́ Ká Lóṣòó Ti Owó Iṣẹ́ Wa

Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Mi ò ní túmọ̀ òwe yìí fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn ń gbé e gbà lóde òní ló ń bí mi nínú. Wọ́n á ṣiṣẹ́ fún èèyàn, wọ́n á fi oorun du ojú nítorí rẹ̀, tó bá wá ku kí wọ́n béèrè owó, ojú á máa tì wọ́n. Wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ dà bí ẹni tó ń lóṣòó ti nǹkan. Ta ló sọ fún wọn pé oore ni wọ́n ṣe?

Ṣómólú ni ọmọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú mi kọ èyí wà, láàárín àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kì í sinmi níbẹ̀ yẹn. Ìwé ètò ìsìnkú ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, pẹ̀lú bánà àti káàdì ìpè, ó sì mọ iṣẹ́ ọ̀hún dunjú. Bàbá ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ kan kú, ẹni tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá náà pè é lálẹ́ pé, "Ọmọ mi, o mọ̀ pé ìwọ lo máa bá mi ṣe ìwé ètò bàbá o." Ó dáhùn pé, "Kò sí wàhálà, mà." Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó.

Ẹni tí kò bá ṣe ìwé ètò ìsìnkú rí lè rò pé iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Àwòrán bàbá tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ara fótò tó wà lára ògiri ni wọ́n ti yà á. Iná ń kọ mànà lórí gíláàsì rẹ̀, àtàǹpàkò ẹni tó ya fótò sì wà ní igun ìsàlẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé dé ní ẹ̀dà mẹ́ta, kálukú ọmọ ló kọ tirẹ̀. Ọmọ tó wà ní London ní wọn ò gbọ́dọ̀ gbàgbé láti kọ Ẹnjiníà síwájú orúkọ òun. Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni wọ́n rí i pé orúkọ ọmọ ìyàwó kejì kò sí níbẹ̀, ni ìjà bá dé lórí ìlà kan ṣoṣo: ta lẹ̀gbọ́n, ta làbúrò, ṣé kí wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ rárá ni? Gbogbo ìgbà tí ẹbí bá yí ọkàn padà, ọmọkùnrin yìí á tún ojú-ewé tò, jẹnẹrétọ̀ á máa mu epo. Onítẹ̀wé ò sì gba àwìn. Owó àpò ara rẹ̀ ló fi ra bébà, òun náà ló san owó ìtẹ̀.

Wọ́n sin bàbá. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ná owó fún olórin. Ọmọkùnrin dákẹ́, ó ń retí kí màmá rántí. Màmá náà dákẹ́, torí lójú tirẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ òun ti dá owó òkú tiẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi dá a. Oṣù ń gorí oṣù. Inú wá bí ọmọ lọ́jọ́ kan, ó gbé e sórí status rẹ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ gbèsè ni wọ́n fi ń sin bàbá wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ìyá méjèèjì ò kí ara wọn mọ́.

Mi ò sọ pé màmá yẹn ò jẹ̀bi. Àgbàlagbà tó rí ìwé tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà dídán mọ̀ pé ẹnì kan ló san owó bébà. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ọmọ náà ṣe: ó ṣe bí aṣoore fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó wá di olówó èlé lọ́jọ́ kan péré. Kò sí ìbáṣepọ̀ tó lè gba irú ìyẹn mọ́ra. Ká ní ó ti béèrè owó láti alẹ́ tí wọ́n pè é, ó lè jẹ́ pé màmá á fajú ro díẹ̀, á sì lọ wá owó. Ìdákẹ́jẹ́ tó pè ní ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn ló dá ìjà sílẹ̀.

Àwọn baba wa tó pa òwe yìí gan-an ńkọ́, ṣé wọn kì í lóṣòó ti owó wọn ni? Ẹ wo ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tó jáde ní 1921. Ó sọ̀rọ̀ ológò níbẹ̀. Bí gbèsè bá di èyí tí kò ṣe é gbà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, wọ́n á rán ológò lọ sílé onígbèsè. Ológò á wọlé, á jókòó pa, á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, oúnjẹ gidi sì ni. Bí wọn ò bá gbé e wá, adìẹ tó bá rí nínú agbo ilé, á pa á jẹ. Kò ní dìde títí gbogbo ilé á fi kó owó jọ nítorí kó lè máa lọ. Àwọn tó ń rán ológò síra wọn náà ni wọ́n ń sọ fún aṣoore pé kó má lóṣòó. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni oore, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n jẹ èèyàn. Àwa la da méjèèjì pọ̀.

Mi ò ní ká dá ológò padà o. Ológò orí ẹ̀rọ ni ọmọ Ṣómólú yẹn fi ara rẹ̀ ṣe pẹ̀lú status rẹ̀, ẹ sì ti rí ibi tó já sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí bíìlì ṣáájú iṣẹ́. Kó ṣáájú dáadáa, nígbà tí ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ọ ṣì ń wá ọ kiri. Kí òkú tó wọlẹ̀, gbogbo ẹbí ló ń béèrè pé ìwé ètò dà. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, abẹ̀bẹ̀ ló ti dà.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé àwọn ò mọ bí àwọn ṣe lè sọ ọ́ kó má dà bí àfojúdi. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bá wọn kọ ọ́. "Ẹ káalẹ́, mà. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún bàbá. Mo dúpẹ́ pé èmi lẹ fi iṣẹ́ yìí rán. Ìwé olójú-ewé 24, ẹ̀dà 150: owó iṣẹ́ mi ₦60,000, owó bébà àti ìtẹ̀ ₦225,000. Màá ṣe àtúnṣe lẹ́ẹ̀mejì láìgba nǹkan kan. Láti ẹ̀ẹ̀kẹta lọ, ₦10,000 ni ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti rí owó ìtẹ̀ àti ìdajì owó iṣẹ́ gbà, màá bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí n tó gbé ìwé wá ni ẹ máa fún mi ní ìyókù. Ọjọ́ méje ni iye yìí wà fún, torí bébà." Níbo ni àfojúdi wà níbẹ̀? Ó kí wọn, ó bá wọn kẹ́dùn, ó sọ iye. Ìlà tó sọ̀rọ̀ àtúnṣe yẹn nìkan á gbà á lọ́wọ́ ìjà ìyàwó kejì, torí bí ẹbí bá mọ̀ pé ẹgbàárùn-ún náírà ni ìjà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ti parí rẹ̀ nílé kí wọ́n tó pè é.

Má fojú kéré ọjọ́ méje yẹn. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà ní 2023 mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí oṣù kẹfà ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Òkè òkun ni bébà dídán àti íǹkì ti ń wá. Ẹni tí wọ́n bá jẹ ní owó ìtẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, tí wọ́n wá san án fún lọ́dún kejì láìfi kọ́bọ̀ kún un, ṣé ẹ lè sọ pé wọ́n ti san án? Bí ọmọ tó wà ní London bá sì ni ó máa sanwó, kí ẹ ti fẹnu kò láti ìbẹ̀rẹ̀ bóyá náírà ni tàbí pọ́n-ùn. Mo mọ ilé tí wọ́n ti jà lórí ìyẹn nìkan.

Ẹ̀dínwó ńkọ́? Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni le bí òkúta. Ọ̀rẹ́ ìyá ẹni ni, ó sì yẹ kí èèyàn mójú kúrò nínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ ₦60,000 sórí ìwé, kí o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé o yọ ₦20,000 kúrò nítorí ìyá rẹ, kí o wá kọ ₦40,000 sísàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni kí o gbàgbé ₦20,000 yẹn títí ayé. Má rán wọn létí níbi ìsọmọlórúkọ, má sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ mìíràn fún ẹlòmíràn. Níbí yìí ni mo ti fara mọ́ òwe àwọn àgbà délẹ̀délẹ̀. Ibi tí mi ò ti bá wọn lọ ni pé kí aṣoore ṣe é ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ̀dínwó tí kò bá sí nínú bíìlì, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé oore ni. Àbúrò màmá náà á dé lọ́dún tó ń bọ̀ pé ₦40,000 lo gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun, kí ló wá dé tí o fẹ́ gba ₦60,000 lọ́wọ́ òun? Oore rẹ ti di iye ọjà nìyẹn, ìwọ lo sì máa dà bí olójúkòkòrò.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí. Nínú ìnáwó Yorùbá, ẹni tó pè ọ́ lè má jẹ́ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá lè pè ọ́ kó jẹ́ pé àkàǹtì àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni owó tí àwọn ọmọ dá wà. Béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Orúkọ ta ni kí n kọ sí i, mà?" Ẹni yẹn ni kí o fi ìwé ránṣẹ́ sí, kí o fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá. Ó rọrùn fún ọ̀rẹ́ ìyá rẹ láti sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó sanwó fún ọmọ yìí, ju kó yọ ọ́ lápò ara rẹ̀ lọ. Bó ṣe rí ní iléeṣẹ́ náà nìyẹn: ọ̀gá ló máa ń gbé iṣẹ́ fúnni, akáǹtáǹtì ló ń sanwó. Mọ orúkọ akáǹtáǹtì. Fi nọ́ńbà àti déètì sí ínfọ́ìsì rẹ, má sì bínú bí wọ́n bá yọ owó orí nínú rẹ̀ kí wọ́n tó san án, òfin ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Tí ọjọ́ bá pé tí owó ò dé, rán wọn létí lọ́jọ́ náà. Mo ti rí bí àwọn ọmọ wa ṣe ń rán èèyàn létí. Wọ́n á kọ ọ́ pé, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ilé ńkọ́? Ṣé ara yá?" wọ́n á wá dúró de èsì. Onígbèsè á dáhùn pé, "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ìwọ náà ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún béèrè ilé. Kí ìkíni àti iye owó wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà àkàǹtì rẹ, kó máà sí pé àwọn ń wá a. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀kẹta, rán àgbà tí àwọn náà ń bẹ̀rù.

Ó sì ní ìgbà tí àgbà ò ní ràn án. Láti oṣù kẹrin 2018 ni ẹ̀ka ìdájọ́ ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kóòtù fún gbèsè kékeré, èyí tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ìwé ìbéèrè gbèsè ni ẹni tí wọ́n jẹ lówó kọ́kọ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí onígbèsè, onítọ̀hún sì lè sanwó bó bá ti rí ìwé yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìwà àwa nìkan ni. Ní ìlú New York, wọ́n ní láti ṣòfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017 pé ẹni tó bá gbé iṣẹ́ tó tó $800 fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a kọ ìwé àdéhùn, kó sì san owó rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí bí ìwé ò bá dá ọjọ́ mìíràn. Òyìnbó náà ń jẹ gbèsè, kì í wulẹ̀ fi ọ̀rọ̀ "ọmọ mi" bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé ayé ti bàjẹ́, pé ọmọ tí ẹ gbé pọ̀n ló ń kọ bíìlì fún yín. Ẹ dákun, ọmọ tí ẹ gbé pọ̀n náà ń san owó ilé. Bí ẹ bá fẹ́ kó fi iṣẹ́ náà ta yín lọ́rẹ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kó gbọ́, kó lè mọ̀ bóyá agbára òun gbé e. Bí owó ò bá sì tíì pé lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún un ní alẹ́ tí ẹ pè é, kó tó tan kọ̀ǹpútà.