Bí Àgbà Bá Ṣubú ní Wọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà wa tuntun, bí màmá arúgbó bá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má fà wọ́n dìde. Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni kí ẹ ti yẹ̀ wọ́n wò, ọrùn ṣáájú. Wọn á ní, "Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi." Ẹ má tìtorí ìyẹn kúrò níbẹ̀. Ojú a máa ti àgbà pé òun ṣubú níṣojú ọmọdé. Àwọn mìíràn ń ro owó àyẹ̀wò tí àwọn ọmọ wọn yóò san.

Ẹ wo ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá kúrú ju èkejì lọ, tí ìka rẹ̀ sì dojú kọ ìta, ẹ kà á sí pé egungun itan ti kán níbi ìgbáròkó. Àmọ́ èyí tó kán tó sì há mọ́ra lè má kúrú, kó má sì yí; ẹlòmíràn a tilẹ̀ fi í rìn lọ tọ̀. X-ray àkọ́kọ́ lè má fi í hàn. Bí wọn kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ béèrè CT tàbí MRI. Níbi tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi, kí ẹ tún un yà.

Ti orí ló ń bà mí lẹ́rù. Ọpọlọ àgbà a máa súnkì, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa sun sí àyè tó ṣẹ́ kù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó hàn síta. Bí bàbá tó sọ̀rọ̀ gaara lánàá bá ń tòògbé lónìí, ẹ má sọ pé wọ́n ń ṣarán. Bí wọ́n bá ń lo warfarin, ẹ pe dókítà àgbà kí ẹ tó fún wọn ní ti alẹ́ ọjọ́ náà.

Kí ló wá gbé wọn ṣubú? Ìdí rẹ̀ sábà máa ń wà nínú àpò oògùn. Ẹ da àpò náà sílẹ̀ níwájú ọmọ tó mú wọn wá. Ẹ ó bá amlodipine tí ọsibítù kọ, àti Norvasc tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì: oògùn kan náà ni. Ẹ ó bá Daonil pẹ̀lú glibenclamide, tí wọ́n ń mu ìlọ́po méjì láìmọ̀. Glibenclamide a sì máa pẹ́ lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá, ṣúgà á wá já wálẹ̀ lóru. Nítorí náà, ẹ wọn ṣúgà lójú ẹsẹ̀. Bí egungun bá dá ṣáṣá, ẹ wọn ìfúnpá ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró, láàrin ìṣẹ́jú 3; bí iye òkè bá fi 20 wálẹ̀, ẹ tún oògùn ìfúnpá wò. Furosemide tí ẹ fún wọn lálẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rán wọn sí ilé ìtọ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ béèrè nípa àgbo pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú ẹ̀gàn béèrè, torí wọn ò ní sọ.

Abẹ́rẹ́ diclofenac tí a ń sáré gún nítorí ìrora máa ń bí mi nínú. Lára ẹni tó ń mu lisinopril àti furosemide, ó lè ba kíndìnrín jẹ́ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹ lo paracetamol. Ẹni tí kò tó kílò 50 kò gbọdọ̀ gba iye tí géńdé ń gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún wọn yẹ̀ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, torí ìrora itan a máa bo ti ọrùn ọwọ́ àti ti ìhà mọ́lẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sí fáìlì pẹ̀lú aago, kí ẹni tó gba iṣẹ́ alẹ́ lè mọ ohun tí yóò máa ṣọ́.