Orí Keje: Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Nígbà tí ènìyàn bá ya fọ́tò ìwé ilẹ̀ rẹ̀ tí ó sì fi í pa mọ́ sórí ayélujára, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí fóònù bá bọ́ sómi ni ẹ̀rí ogún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú yóò bómi lọ, inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà ni fọ́tò náà ń lọ gúnlẹ̀ sí, nínú ilé ràgàjì kan nílẹ̀ òkèèrè, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru tí iná kì í sì í kú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tí yóò bá gbé ẹrù rẹ̀ lé alágbàtọ́ lọ́wọ́ ní láti kọ́kọ́ wádìí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń bá wa tọ́jú fáìlì a máa sọ pé àwọn ti sọ gbogbo rẹ̀ di àdììtú, ìyẹn ni pé ìṣirò ti da ohun tí ó wà nínú fáìlì rú pátápátá, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ kò lè rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni wọ́n ń mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2011, ilé iṣẹ́ Dropbox ní Amẹ́ríkà ṣe àtúnṣe kan sí ètò tí ó ń wo ọ̀rọ̀ aṣínà, àṣìṣe sì wọ inú rẹ̀. Fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, ẹni tí ó bá ti mọ àdírẹ́sì ímeèlì ẹlòmíràn lè tẹ ohun tí ó bá wù ú dípò ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ilẹ̀kùn sì ṣí fún un. Fáìlì wọnnì jẹ́ àdììtú lórí ẹ̀rọ wọn o, àmọ́ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń tú u fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ibi tí ilé iṣẹ́ bá ti di kọ́kọ́rọ́ mú ni ògiri ti lanu.

Nítorí náà ni àwọn kan ṣe rò ó pé inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà onífáìlì gan-an ni ó yẹ kí áàpù ti sọ fáìlì di àdììtú, kí ó tó gbéra rárá. Ọ̀kan nínú irú áàpù bẹ́ẹ̀ ni Cryptomator, tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣirò tí ó ń lò ni AES, iṣẹ́ ọwọ́ Joan Daemen àti Vincent Rijmen, àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà yàn láàárín ọ̀pọ̀ tí ó sì sọ di òfin iṣẹ́ ní ọdún 2001. Nọ́ńbà gbọọrọ kan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ka iye irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tí ó lè wà, iye náà yóò gba fígọ̀ 78 kí a tó kọ ọ́ tán. Gbájúẹ̀ tí ó bá ní òun yóò máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà gbé dùn mọ́ mi jù ni pé ọ̀rọ̀ aṣínà tí a ń tẹ̀ kọ́ ni ó ń ti fáìlì. Áàpù a kọ́kọ́ dá kọ́kọ́rọ́ ńlá kan, èyí tí a kì í fojú rí. Yóò wá fi ọ̀rọ̀ aṣínà wa ti kọ́kọ́rọ́ ńlá náà pa, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà tí ó fi kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ òkè rẹ̀ sínú àpótí kékeré tí ó tún ti ìyẹn náà. Ní ọjọ́ tí a bá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, àpótí kékeré nìkan ni a ó tún tì, a kò ní í fọwọ́ kan ẹgbẹ̀rún fáìlì tí ó wà nínú èyí tí ó tóbi. Wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ṣíṣí àpótí kékeré náà falẹ̀ díẹ̀, kí ó sì ná ẹ̀rọ ní agbára: ìṣẹ́jú àáyá kan kò ni onílé lára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ méfò lẹ́ẹ̀mílíọ̀nù yóò pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Wo bí ó ti rí lójú. Lórí fóònù rẹ, ìwọ rí fáìlì tí o pè ní «ìwé ilẹ̀ Bàbá». Bí ẹlòmíràn bá dé ibi ìpamọ́ orí ayélujára, fódà kan tí ó ń jẹ́ «d» ni yóò bá pàdé, nínú rẹ̀ ni orúkọ játijàti tí ìparí rẹ̀ jẹ́ «.c9r» wà, orúkọ fáìlì pàápàá ti di àdììtú. Síbẹ̀ kò pamọ́ tán. Ẹni náà yóò mọ iye fáìlì tí o ní, yóò mọ bí ó ti tóbi tó, yóò sì rí ìgbà tí o fọwọ́ kàn án kẹ́yìn.

Ohun tí àwọn aláàpù kì í fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, tí mo sì rò pé ó yẹ kí ó ṣíwájú gbogbo ọ̀rọ̀ mìíràn, ni pé ẹni tí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kò ní alágbàwí. Ilé iṣẹ́ kò lè bá a ṣí ohun tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn, ẹkún kò sì lè yí ìṣirò lọ́kàn padà. Cryptomator a máa fúnni ní ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ tí a lè fi gba kọ́kọ́rọ́ padà. Kọ ọ́ sórí pépà, kí o sì fi pépà náà síbi tí o ń fi ìwé ilẹ̀ gan-an sí, kí o má ṣe yà á ní fọ́tò.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ti ń gba ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fúnni ni wọ́n lè gbà padà. Apple fi irú ètò yìí sínú iCloud, ibi ìpamọ́ rẹ̀ lórí ayélujára, ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Ní oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́yìn tí ìròyìn jáde pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè ọ̀nà láti wo inú fáìlì, Apple kò jẹ́ kí ẹni tí kò tíì lò ó ní ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó mọ́. Ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi Cryptomator ti fáìlì rẹ̀ pa kí ó tó gbé e sínú iCloud kan náà, kọ́kọ́rọ́ yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.