Ojú yín rí i, ṣùgbọ́n kí ni oníbàárà máa rí? Ẹ̀kọ́ lórí òwò ìbuwọ́lù àwọn eléré ìdárayá

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nínú òwò, àfojúbà ẹni tó ń tajà kò tíì di àfojúbà ẹni tó ń rà á. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ gbé yẹ̀wò lónìí nìyẹn, orí ìbuwọ́lù àwọn eléré ìdárayá, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ọtógíráàfù, la ó sì ti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ta jẹ́sì àti bàtà bọ́ọ̀lù. Àbúrò yín tó ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ṣalábàápàdé Hakeem Olajuwon, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó ní 1963, tó bá Houston Rockets gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní 1994 àti 1995. Ó bẹ̀ ẹ́, ọkùnrin náà sì buwọ́ lu bọ́ọ̀lù kan fún un. Àbúrò yín fi bọ́ọ̀lù náà ránṣẹ́ pé kí ẹ bá òun tà á. Ẹ mọ àbúrò yín, kì í purọ́.

Oníbàárà wọlé, bọ́ọ̀lù náà wù ú, ó wá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló kọ eléyìí?" Kí lẹ fẹ́ sọ? Ẹ máa ní àbúrò yín ló gbà á lójúkojú. Bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ni ẹni tó jókòó sí yàrá rẹ̀ lánàá, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, máa sọ. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn.

KÍ NI OWÓ ORÍ RẸ̀ DÚRÓ LÉ?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí jẹ́sì lásán bá jẹ́ N20,000, tí èyí tí agbábọ́ọ̀lù buwọ́ lù sì jẹ́ N100,000, N80,000 tó lé lórí rẹ̀ kì í ṣe owó aṣọ, kì í sì í ṣe owó bírò. Owó ẹ̀rí ni. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rí bá yẹ̀, N80,000 wọmi nìyẹn. Jẹ́sì náà lè má tó N20,000 mọ́ pàápàá, torí wọ́n ti fi bírò ba aṣọ tuntun jẹ́.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ AMẸ́RÍKÀ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé oníbàárà tó ń béèrè ẹ̀rí ń ṣe àṣejù. Ní àárín ọdún 1990 sí 1999, ayédèrú ìbuwọ́lù gbòde kan ní Amẹ́ríkà débi pé àwọn ọlọ́pàá FBI dìde ìwádìí sí i, wọ́n sì pe orúkọ iṣẹ́ náà ní Operation Bullpen. Tony Gwynn, àgbà ọ̀jẹ̀ agbábọ́ọ̀lù baseball nígbà náà, rí ọjà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ibo ló ti rí i? Ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an, San Diego Padres, ni.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, àwọn ọlọ́pàá ya bo àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀bù wọn ní ìpínlẹ̀ márùn-ún. Ọjà ayédèrú tí wọ́n kó níbẹ̀, ìdíyelé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 dọ́là. Wọ́n tilẹ̀ bá bọ́ọ̀lù baseball tí wọ́n ní Mother Teresa, ìyá ẹlẹ́sìn tó ń tọ́jú àwọn aláìní ní Íńdíà, ló buwọ́ lù ú!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀pọ̀ nínú ọjà wọ̀nyí ló ní ìwé ẹ̀rí pé ojúlówó ni. Àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tó jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí ni iṣẹ́ tiwọn. Ẹni tó lè ṣe ayédèrú ìbuwọ́lù, kí ló máa dí i lọ́wọ́ láti ṣe ayédèrú ìwé?

ÌDÍ TÍ OJÚLÓWÓ FI Ń DÀ BÍ AYÉDÈRÚ

Bí agbábọ́ọ̀lù bá jókòó sídìí tábìlì, orúkọ rẹ̀ máa jáde gbàgàdà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń sáré wọ ọkọ̀, tí èrò ń tì í, tí bírò ń gbẹ, tí kò sì sí ohun líle kankan lábẹ́ jẹ́sì tó ń kọ nǹkan sí, lẹ́tà kan tàbí méjì àti ìlà kan ló máa fà. Ilé iṣẹ́ bíi PSA àti JSA, tó ń yẹ ìbuwọ́lù wò, máa ń fi í wé èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó dájú. Èrò ọkàn wọn gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ni wọ́n ń sọ, torí wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gbẹ́ni náà ń kọ ọ́. Nítorí náà, ojúlówó tí wọ́n fi ìkánjú kọ lè má yege lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ń ṣe ayédèrú ní àkókò láti kọ ọ́ kó dára. Ẹni tó ni orúkọ ni kò ní àkókò.

Ìdí nìyí tí àjọ tó ń darí líìgì baseball ńlá ní Amẹ́ríkà, MLB, fi gba ọ̀nà mìíràn ní 2001. Ẹlẹ́rìí tiwọn máa ń dúró síbẹ̀, ó máa fojú rí i bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń buwọ́ lù ú, yóò sì lẹ àmì tó ní nọ́ńbà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ẹlẹ́rìí wọn kò bá fojú rí, wọn kì í lẹ àmì mọ́ ọn, ì báà jẹ́ ojúlówó.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

Èkínní, ẹ̀rí kì í ṣe ohun tí à ń wá lẹ́yìn ọjà. Ojú ẹsẹ̀ là ń ṣe é. Kí ẹni tó fẹ́ gba ìbuwọ́lù ya fídíò rẹ̀. Fọ́tò tí ẹ bá agbábọ́ọ̀lù yà ń sọ pé ẹ pàdé rẹ̀ ni, kò sọ pé jẹ́sì yìí ló buwọ́ lù. Kí fídíò fi bírò hàn lórí ọjà náà, kó sì súnmọ́ àmì kan lára rẹ̀, bí ojú rírán tàbí ibi tó há, tí oníbàárà lè fi dá a mọ̀.

Èkejì, ẹ kọ ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ìpínlẹ̀ California, òfin ló ní kí oníṣòwò irú ọjà yìí fún oníbàárà ní ìwé tó fi ṣe onígbọ̀wọ́ pé ojúlówó ni. Ohun tó mú kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ níláárí ni pé ẹnì kan wà tí wọ́n lè mú sí i.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ̀yin lẹ fẹ́ rà á, ẹ fi ìtàn wé ọjà. Arsenal ni Kanu Nwankwo wà láti 1999 sí 2004. Ọdún 2006 ni orúkọ Emirates ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àyà jẹ́sì Arsenal. Bí ẹnì kan bá gbé jẹ́sì tí wọ́n kọ Emirates sí wá, tó ní Kanu buwọ́ lù ú fún òun nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Arsenal, irọ́ ni ìtàn yẹn. Olajuwon náà ńkọ́? Akeem ló ń kọ tẹ́lẹ̀. 1991 ló fi lẹ́tà H sí iwájú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé "Hakeem" wá, tó ní 1985 ni òun gbà á, ẹ ní kó tún ìtàn rẹ̀ sọ. Ẹ rántí o, bí ìtàn bá bá ọjà mu, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ojúlówó. Ṣùgbọ́n bí kò bá bá a mu, ẹ di owó yín mú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ ọ́ sí risíìtì pé ẹ máa dá owó padà bí ọjà bá já sí ayédèrú. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, a jẹ́ pé ọjà náà kò dá ẹ̀yin gan-an lójú.

Ká wá padà sí bọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀. Ẹ pe àbúrò yín, ẹ bi í bóyá ó ya fídíò. Bó bá yà á, ẹ fi han oníbàárà, kẹ́ ẹ sì gba owó yín. Bí kò bá yà á, ẹ sọ fún oníbàárà pé, "Àbúrò mi ló gbà á, mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹ̀rí," kí ẹ sì dín owó náà kù. Ó máa dùn yín, torí ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èrè ọjọ́ kan kọ́ ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù ró. Orúkọ rere ni. Ọjà á tà o.