Ẹ Má Kàn Gbé Máínọ́ọ̀sì Fo Ìlà

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń lọ lẹ́sìn káàkiri Fádèyí, Ṣómólú àti Bàrígà nítorí WAEC àti JAMB, ẹ ṣọ́ra fún páwà tó ní máínọ́ọ̀sì nínú ìdá. Òfin kan tẹ́ ẹ ti há sórí ló ń kó bá yín: ohun tó bá wà lókè, ẹ gbé e wá sísàlẹ̀, tó bá wà nísàlẹ̀, ẹ gbé e lọ sókè. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó kù díẹ̀. Ohun tí ìsọdipúpọ̀ so mọ́ ìyókù nìkan lẹ lè gbé bẹ́ẹ̀. Bí àmì àròpọ̀ tàbí ti àyọkúrò bá ti wà láàárín, èèwọ̀ ni.

Ẹ wo (x⁻¹ + y⁻¹)/(x⁻¹ − y⁻¹). Oníkánjú á dojú ẹ̀ kodò, á kọ (x − y)/(x + y), á sì rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ fi 2 sípò x, kẹ́ ẹ fi 4 sípò y. x⁻¹ di 1/2, y⁻¹ di 1/4. Òkè jẹ́ 3/4, ìsàlẹ̀ jẹ́ 1/4, ìdáhùn jẹ́ 3. Ti oníkánjú ń tọ́ka sí −1/3! Ohun tó yẹ ni kẹ́ ẹ fi xy sọ gbogbo òkè àti gbogbo ìsàlẹ̀ di púpọ̀. Ẹ ó rí (y + x)/(y − x): 6/2, 3 náà nìyẹn.

Láti 2015 tí JAMB ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá, kò sẹ́ni tó ń wo bẹ́ ẹ ṣe ṣe é. Ìdáhùn tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ni wọ́n máa mú.

2⁻³ kì í ṣe −8 o, 1/8 ni. 3x⁻² sì jẹ́ 3/x², torí x nìkan ni páwà náà wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ (3x)⁻² ni, ó di 1/(9x²).

Ṣómólú ni ibùdó àwọn atẹ̀wé, ìwé ìbéèrè àtijọ́ ò sì wọ́n. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó rà á, pàápàá bó bá jẹ́ fọ́tòkọ́pì. Páwà kékeré tó wà lókè lè jábọ́, kí x⁻² di x − 2. Ìbéèrè mìíràn gbáà nìyẹn.

Bẹ́ ẹ bá ń fi nọ́ńbà yẹ ìdáhùn wò, ẹ má lo 0, torí 0 kò ní páwà máínọ́ọ̀sì. Ẹ má sì lo 1: páwà yòówù tẹ́ ẹ bá gbé lé e lórí, 1 náà ló máa jẹ́, x² àti x⁻² á wá jọra lójú yín.