Má Ka Ọ̀nà Àbújá Láti Alákìá

Ọmọ ọmọ mi kan ríṣẹ́ sí Àbújá. Níwájú ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, ó na fóònù sí mi: "Bàbá, ẹ wò ó, wákàtí kan péré ni láti Ìbàdàn!" Mo ní kó jókòó. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń múra ìrìn, ẹ gbọ́.

1. Mọ irú ọ̀nà tí wọ́n ń kà fún ọ. Láti pápákọ̀ òfurufú Alákìá (orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ló ń jẹ́ láti 2023, àwa ṣì ń pè é ní Alákìá) sí ti Nnamdi Azikiwe ní Àbújá, bí a bá ta okùn tààrà, nǹkan bí 405 kìlómítà ni. Ọkọ̀ ilẹ̀ tó gba Ifẹ̀, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Lọ́kọ́ja yóò rìn ju 500 lọ dáadáa. Máìlì òkun ni àwọn awabàálù ń lò, mítà 1,852 ló wà nínú ọ̀kan. Tí o bá gbọ́ 219 lẹ́nu wọn, ọ̀nà kò tíì kúrú o.

2. Bàálù alábẹ̀bẹ̀ bí ATR 72 ń sá tó 500 kìlómítà ní wákàtí kan; jẹ́ẹ̀tì ń sá tó 800. Bí o bá ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú 49 àti 30 ni. Kí ló dé tí tíkẹ́ẹ̀tì fi ń sọ wákàtí kan? Bàálù á yí lórí ilẹ̀, á gòkè, kò sì ní pẹ́ lókè tí yóò fi tún máa sọ̀. Bí ọ̀kadà tó gbéra ní Mápó tó ń lọ sí Ọjà'ba ni: kó tó sáré dé ibi tó fẹ́, ó ti ń tẹ bíréèkì.

3. Ilé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n Bẹẹrẹ kò gba takisí Máíkírà. Lọ́jọ́ ọjà aṣọ òfì ní Ọ̀jẹ́, mo jáde nílé nígbà tó ku wákàtí kan àbọ̀ kí bàálù gbéra. Ọkọ̀ kan ya síwájú wa, òmíràn dúró gbé èrò, dẹ́rẹ́bà wa bá sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jà. Nígbà tí mo dé Alákìá, mo rí bàálù náà ní pápá, kò tíì ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó wà nídìí káńtà ní àwọn ti pa ìwé èrò dé. Ẹ̀bi tèmi ni. Mo padà sí Ìwó Road lọ wọ bọ́ọ̀sì, ilẹ̀ sì ti ṣú kí n tó rí Lọ́kọ́ja.

4. Ti Èkó ńkọ́? Kìlómítà 113 ni lójú òfurufú. Lọ wọ rélùwéè ní Mọ́níyà.

5. Nígbà ọyẹ́, má fi ìpàdé aago mẹ́wàá ti bàálù aago mẹ́jọ. Eruku lè bo ojú pápá títí oòrùn yóò fi mú. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ abẹ́lé wa ni kì í sì í gba ọkọ̀ lálẹ́, bàálù ìrọ̀lẹ́ tó bá pẹ́ lè di ti ọ̀la.

6. Pápákọ̀ Àbújá kì í ṣe Àbújá: nǹkan bí 40 kìlómítà ló kù sí àárín ìlú. Béèrè owó takisí kí o tó gbé ẹrù sínú rẹ̀.

7. Wọ́n á wọn ẹrù. Èyí ni mo ń sọ lọ́wọ́ tí ìyá ọmọ náà fi ń di èlùbọ́ Ọjà'ba sínú àpò kejì.