Ẹ́ńjìnnì Wo Ni Ó Yẹ Ọkọ̀ Ẹrù Àgbẹ̀?

Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù tí yóò máa kó iṣu tàbí gàrí rẹ̀ lọ sí ọjà gbọ́dọ̀ yàn láàrin ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù àti ti dísẹ́ẹ̀lì. Kí ó má ṣe fi ẹnu ẹni tí ń ta ọkọ̀ yàn. Kí ó kọ́kọ́ wo bí ẹrù òun ti wúwo tó, àti bí ọ̀nà ti jìn tó.

Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, púlọ́ọ̀gì ni ó ń ṣáná sí epo. Nínú ti dísẹ́ẹ̀lì, atẹ́gùn ni písítìnnì ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí epo tí a bá fọ́n sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ni ó ṣe irú rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ yọrí sí rere, ní ìlú Augsburg ní 1897. Nítorí ìfúnpọ̀ líle yìí ni irin rẹ̀ fi nípọn tí owó rẹ̀ sì fi ga. Nítorí rẹ̀ kan náà ni epo díẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Ká ní ọkọ̀ bẹntiróòlù kan ń jẹ lítà 12 ní 100 kílómítà, tí ti dísẹ́ẹ̀lì ń jẹ 9. Bí lítà bẹntiróòlù bá jẹ́ ₦900, ₦1,200 ni ààlà fún lítà dísẹ́ẹ̀lì; bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èrè orí epo ti tán. Ní Nàìjíríà, ìjọba fòpin sí owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní 2023, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iye owó àtijọ́ ṣírò. Ẹni tí ń lọ sí ọjà ìtòsí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè tètè rí àfikún owó ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì gbà padà. Bẹntiróòlù ni ó yẹ ẹ́. Dísẹ́ẹ̀lì yẹ ẹni tí ń fi ẹrù wúwo rin ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò: omi inú epo. Ó ń mú kí pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì àti ẹnu tí ń fọ́n epo dípẹtà, àtúnṣe wọn sì wọ́n púpọ̀. Epo inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá ọ̀nà kò yẹ kó wọ inú rẹ̀. Kí olówó ọkọ̀ máa tú omi kúrò nínú fílítà, kí ó máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, kí ó sì ti mọ mẹkáníìkì dísẹ́ẹ̀lì tí ó dáńtọ́ nítòsí kí ó tó sanwó ọkọ̀.

Ní ti ìlera, ní 2012 ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Bẹntiróòlù ní tirẹ̀ ń yára gbiná ju dísẹ́ẹ̀lì lọ. Kí a má ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú ilé tí a ń sùn. Èyí tí ó wù kí a rà, kí a má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ nínú ilé tí a tì pa, nítorí gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn.